Àárín ìgboro Kùtọnú àbí etí òkun?

ÌBÉÈRÈ: Àlájà wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ọ̀fà. Mo fẹ́ kó ìyàwó mi, àwọn ọmọ wa mẹ́ta àti ìyá mi lọ sí Kùtọnú fún ọjọ́ mẹ́rin ní họlidé tó ń bọ̀ yìí. A ti rí short-let kan lórí fóònù: yàrá méjì, pálọ̀, kíṣìnnì, ó ní AC. Wọ́n ní àárín ìlú gan-an ló wà, pé òkun ò sì jìnnà. Wọ́n fẹ́ ká san gbogbo owó kó tó di ọjọ́ Jímọ̀. Ṣé ká san án? Tíṣà, Ọ̀fà.

ÌDÁHÙN: Ọ̀gá tíṣà, ẹ má tíì san kọ́bọ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi wọ́n pé àdúgbò wo. Tó bá jẹ́ Ganhi tàbí ẹ̀gbẹ́ Zongo, àárín ìlú ni lóòótọ́: báǹkì, ṣọ́ọ̀bù, mọ́ṣáláṣí, kò sí èyí tí ẹ ó wá tì. Ariwo ibẹ̀ náà kì í ṣe kékeré, bíi ti Post Office Ìlọrin lọ́sàn-án Sátidé. Òkun tí wọ́n sì ní kò jìnnà yẹn, èbúté ọkọ̀ ojú omi ló gba etí rẹ̀ níbẹ̀. Omi tí ẹ bá rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Dantokpa, ọ̀sà nìyẹn. Iyanrìn tí àwọn ọmọ yín ń lá àlá rẹ̀, Fidjrossè ló wà, lẹ́yìn pápá ọkọ̀ òfurufú.

Síbẹ̀, tó bá jẹ́ èmi, àárín ìgboro náà ni màá gbà. Òkun ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí à ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbì rẹ̀ ń fa ènìyàn wọlé ni. Kí ni mo fẹ́ sanwó gọbọi sí láti máa wò ó láti ojú fèrèsé, tí iyọ̀ inú atẹ́gùn á máa jẹ kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn? Ẹ wọ takisí lọ sí Fidjrossè nírọ̀lẹ́, kí àwọn ọmọ fi ẹsẹ̀ kan omi, kí ẹ padà wálé. Ẹ má kó wọn sórí zémidjan o, àwọn ọlọ́kadà tó ń wọ ẹ̀wù yẹ́lò yẹn. "Gbé mi kíá" ni ìtumọ̀ orúkọ wọn, wọ́n sì ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ màmá yín ló jẹ mí lógún jù. Nígbà kan tí mo lọ ra ànkárá, mo mú àbúrò ìyá mi dání. Onílé sọ pé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni. Kò sọ pé àjà kẹta ni tiwa. Ìyá àgbà ka àtẹ̀gùn bí a ṣe ń gùn ún: mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ó jókòó, ó ní òun ò tún sọ̀ mọ́ títí di ọjọ́ tí a óò lọlé. Bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe. Ojú fèrèsé ló ti wo Kùtọnú. Lóru ọjọ́ kejì, iná inú mítà tán, onílé ò gbé fóònù, a jókòó sínú ooru di àfẹ̀mọ́júmọ́. Nítorí náà, ẹ bèèrè àjà kelòó, ẹ sì bèèrè ẹni tó ń ra iná sínú mítà.

Kí onílé pè yín lórí fídíò, kó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì, kó gun àtẹ̀gùn níṣojú yín, kó ṣí omi ẹ̀rọ. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ san díẹ̀. Ìyókù, ọjọ́ tí kọ́kọ́rọ́ bá dé ọwọ́ yín. Kí wọ́n dá iye rẹ̀ ní séfà, owó tí wọ́n ń ná níbẹ̀, kì í ṣe ní náírà.

Ihò iná wọn, róbótó méjì ni. Plọ́ọ̀gì onígun mẹ́rin tiwa kì í wọ̀ ọ́. Ẹ ra adápítọ̀ tí wọ́n fi ń so wọ́n pọ̀ láti ilé. Ẹ̀yin ọmọ Nàìjíríà ò nílò físà fún 90 ọjọ́, àmọ́ kí pásípọ́ọ̀tù àti yẹ́lò káàdì, ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú, wà lọ́wọ́ gbogbo yín, títí kan àbíkẹ́yìn.

Tí ẹ bá dé bodè Sẹ̀mẹ̀ tí awakọ̀ ń pe "Àjàṣẹ́! Àjàṣẹ́!", kì í ṣe Àjàṣẹ́-Ìpó tiwa o. Porto-Novo ni. Ẹ má wọ̀ ọ́.