Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ta La Fẹ́ Mú Wọ Kọmítì Ilé Ìwòsàn Wọ́ọ̀dù Wa?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni akọ̀wé kọmítì ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní WDC, ní ìlú kékeré kan ní Ọ̀ṣun. Àwa mẹ́rìndínlógún la wà níbẹ̀: aṣojú Kábíyèsí, ìyálọ́jà, lèmọ́ọ̀mù, pásítọ̀, ọ̀gá ilé ìwé, àwọn ọ̀dọ́. Èèyàn dáadáa ni gbogbo wa, a ò jalè. Àmọ́ nígbà tí wọ́n gbé iná ṣólà wá sí sẹ́ńtà ìlera wa, a kàn sáìnì ni. Kò tó ọdún kan àbọ̀ tí bátìrì fi kú, yàrá ìgbẹ̀bí padà sínú òkùnkùn, nọ́ọ̀sì ń fi iná fóònù gbẹ̀bí. A bi kọngílá, ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ sáìnì pé iṣẹ́ ti pé. Ní báyìí àwọn àgbà ní ká wá onímọ̀ kún kọmítì. Wọ́n dárúkọ dókítà kan tó wà n'Ìbàdàn àti lọ́yà kan l'Ékòó, káńsẹ́lọ̀ náà sì ti fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́. Ta la fẹ́ mú, báwo la ṣe fẹ́ mú un, nígbà tó jẹ́ pé kò s'ówó níbẹ̀?
— Akọ̀wé WDC, Ọ̀ṣun

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé wa, ẹ fi dókítà Ìbàdàn yẹn sílẹ̀ ná. Ẹ mú ìwé kékeré kan àti bírò, ẹ̀yin àti nọ́ọ̀sì tó ń darí sẹ́ńtà, ẹ rìn yí ọgbà náà po láti géètì dé ẹ̀yìn ibi tí wọ́n ti ń sun ìdọ̀tí, kí ẹ kọ gbogbo ohun tó ti bàjẹ́ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sílẹ̀ àti iye tí ẹ ti ná lé e lórí. Ìwé yẹn ló máa sọ ẹni tí ẹ fẹ́ wá fún yín. Ọ̀pọ̀ kọmítì kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ẹni tó lórúkọ jù nílùú ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rò, wọ́n á wá ní dókítà lágbájá wà nínú wa, orúkọ rẹ̀ á hàn gàdàgbà lórí lẹ́tà, àmọ́ wọn ò ní fojú kàn án títí ọdún á fi yí po.

Ó yẹ ká sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi le báyìí. Láyé àtijọ́ káńsù ló ń ra nǹkan, káńsù ló ń tún nǹkan ṣe, iṣẹ́ kọmítì ò ju kí wọ́n pàtẹ́wọ́ lọ. Òfin ìlera tí wọ́n bu ọwọ́ lù ní 2014 ló yí i padà, ó ní kí ìjọba àpapọ̀ máa yọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ń wọlé fún un, ó kéré tán, fún ìlera alábọ́dé, ìyẹn irú èyí tí sẹ́ńtà yín ń ṣe. Ó di ìṣúná 2018 kí wọ́n tó kọ́kọ́ kà á mọ́ ọn. Nínú owó yìí, apá kan ń wọ àkáǹtì sẹ́ńtà tààrà, sẹ́ńtà kan ní wọ́ọ̀dù kan, nǹkan bíi 300,000 náírà lóṣù mẹ́ta-mẹ́ta ló kọ́kọ́ jẹ́, kí wọ́n tó kéde pé àwọn máa fi kún un. Kí owó tó jáde, sẹ́ńtà gbọ́dọ̀ kọ ohun tó fẹ́ fi ṣe sílẹ̀, WDC gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i, ní ibi púpọ̀ ẹnì kan nínú yín tún wà lára àwọn tó ń sáìnì ní báǹkì. Ẹ ti rí i báyìí pé ọwọ́ yín ló ń ṣílẹ̀kùn owó. Ẹni tí ò mọ ohun tó yàtọ̀ láàárín bátìrì gidi àti ayédèrú á kàn máa ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ẹni tó bá kànkùn ni.

Ó yá, ká mú bátìrì yín. Ẹni tí ẹ nílò níbẹ̀ kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n, ọmọkùnrin tó ń tún inverter ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà yẹn ti tó. Ìbéèrè tó máa bi kọngílá ni pé iná mélòó àti fáànù mélòó ni wọ́n ṣírò kí wọ́n tó mọ iye bátìrì tó yẹ, ta ló wá ń ki kẹ́tùlù oníná bọ inú ẹ̀ láàárọ̀, ọdún wo ló wà lára bátìrì, wárántì dà? Bátìrì olómi tí wọ́n bá ń lò gbẹ tán lálaalẹ́ kì í pẹ́ kú, kò sí àdúrà tó lè gbà á. Ẹni tó mọ èyí á ti sọ ọ́ kí ẹ tó sáìnì, kò sì ní gbà ju wákàtí méjì lọ́wọ́ rẹ̀.

Tàbí fíríìjì àjẹsára. Láàárín ìwọ̀n ooru 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius ló yẹ kí abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọdé wà, gbogbo wa la mọ̀ pé ooru ń bà á jẹ́, ohun tí ọ̀pọ̀ kọmítì ò mọ̀ ni pé òtútù tó bá mú un di yìnyín náà ń pa òmíràn nínú wọn, bíi ti àrùn ẹ̀dọ̀ hepatitis B. Mo ti bá kọmítì kan pàdé tó ń yangàn pé fíríìjì àwọn tutù débi pé ó ń dì! Àwọn fíríìjì ṣólà tuntun kan tún wà tí kò ní bátìrì rárá, yìnyín tó wà lára ara wọn ló ń gbé wọn dé òwúrọ̀, ẹni tí ò mọ̀ á ní kí wọ́n lọ ra bátìrì fún un. Ẹni tó máa gbà yín lọ́wọ́ gbogbo ìyẹn ni òṣìṣẹ́ káńsù kan tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọgbọ̀n ọdún gbé kúlà àjẹsára kiri lórí ọ̀kadà. Ó wà nílùú yín, ó ń gbin ẹ̀gẹ́, kò sẹ́ni tó bi í léèrè nǹkan kan láti ọjọ́ tó ti gba ìwé ìfẹ̀yìntì.

Èmi fúnra mi ti jẹ irú ìyà yìí rí. Mo wà nínú kọmítì kan nílùú ìyá mi, a gbẹ́ bọọhòólù fún sẹ́ńtà nígbà òjò, omi tú jáde, a ya fọ́tò, Kábíyèsí mu nínú ẹ̀. Nígbà tó fi máa di oṣù kejì ọdún tó tẹ̀ lé e, afẹ́fẹ́ ló ń jáde. Orí àpáta nìyẹn kẹ̀, bó ṣe rí ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, inú ibi tí àpáta bá ti sán lomi máa ń wà, bí ẹ ò bá jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ yẹ ilẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ẹ, tẹ́tẹ́ lẹ ń ta. Èyí tó tún ń dùn mí jù ni pé ibi tá a gbẹ́ ẹ sí kò jìnnà sí sókàwéè, bẹ́ẹ̀ ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé kó tó ọgbọ̀n mítà ó kéré tán. Bàbá kan tó ti ṣiṣẹ́ omi ìjọba rí ń gbé ní òpópónà kejì sí sẹ́ńtà náà. A ò pè é, torí pé kò sí nínú ẹgbẹ́ wa.

Bí ẹ bá máa pe irú àwọn onímọ̀ yìí, ẹ má fi WhatsApp pè wọ́n. Kí èèyàn méjì dìde lọ bá a nílé, kí ọ̀kan jẹ́ àgbà tí kò ní lè kọ̀ fún. Ẹ má sì sọ pé "ẹ wá darapọ̀ mọ́ kọmítì", ọ̀rọ̀ yẹn ń dẹ́rù ba èèyàn, mítíìnì tí ò lórí tí ò nídìí ló máa ń rí lọ́kàn ẹ̀. Ẹ sọ pé "Bàbá, a fẹ́ ra bátìrì mẹ́rin, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wò ó lọ́jọ́ Sátidé." Bó bá ti ṣe é lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kejì tẹ́ ẹ sì ṣe ohun tó sọ, nígbà náà lẹ wá lè ní kó jókòó tì yín, ẹ fún un ní ọdún kan, kó mọ ọjọ́ tó máa tán. Owó iṣẹ́ ò sí, òótọ́ ni, àmọ́ ẹ fún un lówó ọkọ̀, ẹ má jẹ́ kó fi owó ara rẹ̀ ra bẹntiróòlù wá ṣèrànwọ́ fún yín, ìyẹn ló ń lé wọn lọ ju àìsanwó lọ.

Ní ti àwọn orúkọ mẹ́ta káńsẹ́lọ̀, ẹ má lé wọn o, ẹ ò lágbára ìjà yẹn. Ìbéèrè tẹ́ ẹ bá bi tóókù ni kẹ́ ẹ bi àwọn náà: nínú ohun tá a kọ sínú ìwé yìí, èwo lẹ mọ̀? Ṣé ẹ̀yin tàbí ìyàwó yín tàbí àbúrò yín ń ta nǹkan fún sẹ́ńtà, àbí ẹ ń gba kọ́ńtíráàtì lọ́wọ́ káńsù? Ẹ kọ ìdáhùn sílẹ̀, kẹ́ ẹ kà á sétí gbogbo ilé. Ẹni tó ń ta oògùn lè kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń mọ ayédèrú oògùn, àmọ́ lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra oògùn kó bọ́ síta. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹran lẹ gbé lé ajá lọ́wọ́ pé kó bá yín ṣọ́ yẹn.

Ọ̀rọ̀ kan ku o. Ẹ má torí onímọ̀ lé ìyálọ́jà àti lèmọ́ọ̀mù. Nígbà tí Olikoye Ransome-Kuti jẹ́ mínísítà ìlera láti 1985 sí 1992, ohun tó gbé ètò ìlera alábọ́dé lé lórí ni pé kí ará ìlú fúnra wọn lóhùn nínú rẹ̀. Ìyálọ́jà ló mọ ìdí tí àwọn aboyún ò fi wá sí sẹ́ńtà lọ́jọ́ ọjà, ẹnjiníà ò mọ ìyẹn. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Onímọ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin ti tó láàárín ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún.

Lọ́yà Èkó ńkọ́? Ẹ tọ́jú nọ́ńbà rẹ̀. Bí kọngílá yẹn ò bá dá yín lóhùn, ẹ máa nílò lẹ́tà kan.

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí, London ni mò ń gbé, mo sì jẹ́ gọ́fínọ̀, ìyẹn ọ̀kan lára àwọn tó ń ṣojú ará ìlú, ní ilé ìwòsàn ìjọba (NHS) kan níbí. Tí àga bá ṣófo nínú bọ́ọ̀dù wa, a máa ń polówó ẹ̀ ni, èèyàn á kọ̀wé, wọ́n á fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, á sì kọ gbogbo bísínẹ́ẹ̀sì rẹ̀ sílẹ̀. Kí ló dé tí kọmítì ilé ò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Mo tún fẹ́ ra ẹ̀rọ scan fún sẹ́ńtà wa.
— Arábìnrin kan, London

ÌDÁHÙN: Wọ́n lè ṣe é, Àǹtí wa, ó kàn jẹ́ pé ìpolówó tibí kì í ṣe ti ìwé ìròyìn. Ẹ ní kí wọ́n kéde ẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí lẹ́yìn Jímọ́ọ̀, ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Sunday, kí ẹni tó ń fi gbohùngbohùn kiri ọjà náà pariwo ẹ̀: "Kọmítì sẹ́ńtà ń wá ẹni tó mọ ìṣirò owó." Ẹ máa yà yín lẹ́nu, àwọn olùkọ́ ìṣirò tó ti fẹ̀yìn tì á jáde wá. Ti kíkọ bísínẹ́ẹ̀sì ẹni sílẹ̀ yẹn gan-an ló ń wù mí jù nínú ohun tẹ́ ẹ sọ, ẹ fi bí tiyín ṣe rí ránṣẹ́ sí wọn, kí wọ́n fi Yorùbá kọ ọ́ sínú ìwé ogójì.

Ẹ̀rọ scan yẹn ńkọ́, ẹ rọra. Ta ló máa lò ó? Ta ló máa ka ohun tó bá rí? Tó bá bàjẹ́, ibo ni wọ́n máa gbé e lọ? Mo ti rí i tí irú ẹ̀ di ibi tí wọ́n ń gbé fáìlì lé. Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ẹ bi kọmítì pé kí wọ́n fi ìwé ohun tó bàjẹ́ hàn yín, bí wọn ò bá ní, ẹ bá wọn ṣe é lórí fóònù. Ó lè jẹ́ tánkì omi ni wọ́n ń wá.

ÌBÉÈRÈ: Mátíróònù tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, l'Ábẹ́òkúta. Wọ́n ti wá bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta pé kí n wá wà nínú kọmítì sẹ́ńtà àdúgbò wa. Ọkàn mi ń fẹ́ ẹ, àmọ́ ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lọ fi orúkọ mi jẹun. Nọ́ọ̀sì tó ń darí ibẹ̀, èmi ni mo kọ́ ọ níṣẹ́.
— Màmá Nọ́ọ̀sì

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìfẹ́ ìlú. Pé ẹ̀yin lẹ kọ́ nọ́ọ̀sì yẹn, àǹfààní ni, ó sì tún lè dá wàhálà sílẹ̀. Bó bá ṣe nǹkan tí kò dáa, ẹ má bá a wí nínú mítíìnì, ẹ pè é sẹ́yìn, torí bí ẹ bá dójú tì í níwájú ìyálọ́jà, kò tún ní fi ìwé kankan hàn yín mọ́.

Ẹ má tíì sọ pé ẹ gbà. Ẹ ní ẹ kọ́kọ́ fẹ́ rí ìwé mítíìnì mẹ́ta tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn àti ìwé tí báǹkì tẹ̀ jáde lórí àkáǹtì wọn, pẹ̀lú rísíìtì ohun tí wọ́n rà. Ẹ jókòó kà á ní sẹ́ńtà, ẹ má gbé e relé. Bí wọ́n bá sì mú yín wọlé tán, ẹ má fọwọ́ sí ìwé òfìfo láéláé, àní kí alága sọ pé òun ń rìnrìn àjò lọ́la.

Ẹ máa mọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ níbi ìwé tẹ́ ẹ béèrè yẹn. Bí wọ́n bá ní ìwé báǹkì wà nílé alága, ẹ ní kí wọ́n lọ gbé e wá, ẹ ó dúró.