Ẹ Yẹ Ẹsẹ̀ Ògiri Wò Kí Ẹ Tó Ṣe Pẹpẹ fún Gáréèjì Yín

Ẹ̀yin arábìnrin wa tí ẹ béèrè bí ẹ ó ṣe ṣètò gáréèjì ilé yín ní Ìbàdàn kí ọkọ̀ lè ráyè wọlé, tí ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá kí ẹ gbà kí gbẹ́nàgbẹ́nà kan pẹpẹ pákó sí i, ẹ kú ìnira. Kíkó ẹrù síta àti ṣíṣà á kò lè ṣòro fún yín: ẹ mú ọjọ́ tí oòrùn ràn, ẹ kó gbogbo rẹ̀ sí àgbàlá, kí ohun tí ó ti bàjẹ́ má sì padà wọlé. Ikán ni n kò fẹ́ kí ẹ fojú kéré.

Gáréèjì tí bàbá wa fi sílẹ̀ kún débi pé ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ṣeé ṣí tán. Sìmẹ́ǹtì tí ó ti di òkúta, àjẹkù táìlì, páànù àlòkù àti páálí oríṣiríṣi ni ó wà níbẹ̀, gbogbo wọn fara ti ògiri. Orí pẹpẹ pákó ni bàbá kó ìwé ilẹ̀ sí, nínú páálí. Ọkùnrin kan tí ó ń pe ara rẹ̀ ní akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ nínú pípa kòkòrò ti fín oògùn síbẹ̀, ó gba owó gidi, ó sì fọwọ́ sọ̀yà pé ikán kò ní débẹ̀ mọ́. Nígbà tí a fa páálí náà, ìdí rẹ̀ kò bá a wá. Amọ̀ ni ó kún inú rẹ̀, ìwé ìwọ̀n ilẹ̀ sì ti di lẹ́ẹ̀sì.

Inú ilẹ̀ ni ìyá ikán tí ń yé ẹyin wà. Ibi tí ilẹ̀ bá ti sán, tàbí ibi tí ilẹ̀ àti ògiri ti pàdé, ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń gbà jáde, wọn a sì fi amọ̀ mọ ọ̀nà tóóró gun ògiri, nítorí pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ń pa wọ́n. Ẹni tí ó bá fín oògùn sí ojú ògiri nìkan, ìwọ̀nba tí ó jáde síta ni ó pa. Ẹni tí ó mọ iṣẹ́ yóò lu ihò léraléra sí ẹsẹ̀ ògiri, yóò da oògùn sínú ilẹ̀, yóò sì dí ihò náà padà. Bí ẹni tí ẹ pè kò bá gbé ẹ̀rọ ìlu-ihò dání, ẹ jẹ́ kí ó máa lọ.

Ìyà tí ó tẹ̀lé e ni kò kúrò lọ́kàn mi. Ọ́fíìsì tí a lọ fún ẹ̀dà ìwé náà ní kí a mú ìwé ìbúra kóòtù àti ìwé ọlọ́pàá wá. Nígbà tí a mú wọn dé, akọ̀wé mìíràn sọ pé àgọ́ ọlọ́pàá àdúgbò tí ilẹ̀ náà wà ni ó yẹ kí ìwé ọlọ́pàá náà ti wá. Nígbà tí a tún yanjú ìyẹn, ẹnì kẹta sọ pé níwọ̀n ìgbà tí bàbá ti kú, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní kóòtù. Kí ló dé tí wọn kò sọ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́? Ìwé ilẹ̀ náà tún ti wà ṣáájú Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978, wọ́n sì sọ pé fáìlì àtijọ́ ṣòro láti rí. Ohun tí ó yọ wá ni pé nọ́ńbà ìwé náà àti orúkọ awọnlẹ̀ tí ó yà á ṣì ṣeé kà ní igun kan. Nítorí náà, bí ìwé ilẹ̀ bá wà nínú gáréèjì yín, ẹ fi fóònù ya á lónìí, kí nọ́ńbà rẹ̀ hàn, kí ẹ sì gbé e lọ sínú yàrá.

Ní ti pẹpẹ, ẹ má gba ti pákó. Ẹ ní kí wẹ́dà jó ti irin, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga tó kí ìgbálẹ̀ lè wọ abẹ́ rẹ̀, kí àyè díẹ̀ wà láàárín rẹ̀ àti ògiri kí ẹ lè máa rí ọ̀nà amọ̀, kí wọ́n sì fi irin kúkurú dè é mọ́ ògiri lókè kí ó má baà wó. Kí wẹ́dà tó wọn ohunkóhun, ẹ wa ọkọ̀ wọlé, ẹ ṣí àwọn ilẹ̀kùn rẹ̀, kí ẹ sì fi ẹfun fa ìlà yí i ká. Ike oníderi ni kí ẹ máa kó ẹrù sí, nítorí oúnjẹ ikán ni páálí.

Ẹ má tọ́jú kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù síbẹ̀ rárá, nítorí pé oru tí ó ń jáde lára rẹ̀ wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ilẹ̀ ni ó ń gbà rìn títí yóò fi kan iná. Ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ nínú gáréèjì, bí ilẹ̀kùn rẹ̀ tilẹ̀ ṣí sílẹ̀. Májèlé tí ó wà nínú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, ó sì lè wọ yàrá tí ẹ ń sùn. Táyà àlòkù tí ó bá wà níta ń gba omi òjò, ẹ̀fọn sì ń yé sínú rẹ̀.

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá rọ̀, tí ẹ rí ìyẹ́ èsúnsún, ìyẹn ikán tí ó hu ìyẹ́, nílẹ̀ gáréèjì tí ẹ kò tan iná sí lálẹ́, kì í ṣe iná ni ó fà wọ́n wá láti ìta; ẹ wá ihò tí wọ́n gbà jáde kí ẹ tó gbálẹ̀, kí ẹ sì fi ẹfun sàmì síbẹ̀ fún ẹni tí yóò wá da oògùn.