Èsì: Mọ́nítọ̀ 4K fún láàpútọ́ọ̀pù yín

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ní ẹ fẹ́ ra mọ́nítọ̀ 4K oní-íǹṣì 27 tí ẹ ó máa fi ya pláànù ilé, pé láàpútọ́ọ̀pù yín ní HDMI àti USB-C (ihò tí a ń ki okùn mọ́nítọ̀ bọ̀), èwo ni kẹ́ ẹ lò? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì sanwó fún ẹnikẹ́ni ní Lágéré, n'Ílé-Ifẹ̀.

HDMI tó bá jẹ́ ẹ̀yà 1.4, ìgbà 30 péré ló ń pààrọ̀ àwòrán ní ìṣẹ́jú-àáyá kan lórí 4K (àmì kéékèèké 3840 × 2160 tó para pọ̀ di àwòrán). Ẹ ó fa máòsì, á máa wọ́ tẹ̀lé ọwọ́ yín bí ẹni tí oorun ń kùn. Fún ẹni tó ń fa ìlà láti àárọ̀ dalẹ́, ìyà ni. HDMI 2.0 ló ń gbé 60.

USB-C lèmi fẹ́ràn jù, àmọ́ kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ń gbé àwòrán. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ ihò náà dáadáa: bí ẹ bá rí P kékeré nínú D, tàbí mọ̀nàmọ́ná tó ní ẹnu ọfà, ó ń gbé e nìyẹn. Bí kò bá sí àmì, ẹ wá móḍẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ẹ má sì lo okùn ṣájà fóònù. Ọ̀pọ̀ wọn ò lè gbé àwòrán rárá.

Bí HDMI yín bá jẹ́ 1.4, tí USB-C náà ò ṣe é, ẹ ra mọ́nítọ̀ 2560 × 1440. HDMI yẹn á gbé e ní 60, owó rẹ̀ sì máa ń dínkù.

Ẹ kọ móḍẹ́ẹ̀lì láàpútọ́ọ̀pù náà síbí, màá bá yín wò ó.