"Ọ̀rọ̀ tó bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín": kí nìtumọ̀ ẹ̀ gan-an?

Ẹnì kan ló bi mí pé kí lòwe yìí ń sọ, pé ṣé àwọn àgbà kàn fi ń tu èèyàn nínú ni, torí ẹni tí nǹkan burúkú ṣẹlẹ̀ sí, ibo ló ti fẹ́ rí ẹ̀rín rín? Ó tún ní ṣé lóòótọ́ lẹ̀rín ń ṣe ara lóore, àti pé ṣé èèyàn lè pa òwe náà fún ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀.

Ẹ wò ó, ibi tọ́pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í lò ni pé wọ́n rò pé òwe yẹn ní ká má sunkún. Kò sọ bẹ́ẹ̀ o. Kọjá ẹkún ló wí (àwọn mí-ìn máa ń ní "ju ẹkún lọ"), ìyẹn ni pé wọ́n ti sunkún náà, wọ́n sun ún títí, ọ̀rọ̀ ò kúrò nílẹ̀, ẹkún ò ká a mọ́. Ẹ̀rín tó wá kù yẹn kì í ṣe ẹ̀rín ayọ̀, kì í sì í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ̀rín ẹni tí ò fẹ́ kọ́rọ̀ pa òun ni.

Ẹ gbọ́ ti Viktor Frankl, dókítà ọpọlọ, ọmọ ilẹ̀ Austria, tí ìjọba Hitler kó lọ sí àgọ́ ìfìyàjẹni nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Níbi tí wọ́n ti ń fiṣẹ́ àti ebi pa èèyàn, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan níbi iṣẹ́ jọ ṣàdéhùn pé ojoojúmọ́ làwọn á máa hùmọ̀ ìtàn apanilẹ́rìn-ín kan, ó kéré tán, nípa nǹkan tó lè ṣẹlẹ̀ sáwọn lọ́jọ́ táwọn bá dòmìnira. Ẹ̀rín ò ṣílẹ̀kùn fún wọn o. Ohun tí Frankl sọ ni pé ẹ̀fẹ̀ máa ń jẹ́ kéèyàn lè borí ohun tó dé bá a, kódà kó jẹ́ fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Tí mo bá fẹ́ ṣàlàyé òwe yìí fún ọmọdé, ìtàn yẹn ni màá sọ.

Tó bá wá di ti ara, àwọn onísáyẹ́ǹsì ti yẹ̀ ẹ́ wò. Robin Dunbar àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ní Yunifásítì Oxford gbé ìwádìí kan jáde ní 2011, wọ́n kọ́kọ́ díwọ̀n bí àwọn èèyàn ṣe lè fara da ìrora tó, wọ́n wá ní kí wọ́n wo fídíò apanilẹ́rìn-ín, wọ́n tún padà fi ìrora náà dán wọn wò, àwọn tó rẹ́rìn-ín gidi sì fara dà á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, àwọn tó wo fídíò tí ò pani lẹ́rìn-ín ò rí irú ẹ̀. Àlàyé wọn ni pé téèyàn bá ń rẹ́rìn-ín àríntàkìtì, tó ń mí síta léraléra láì ráyè mí sínú, tíṣan ikùn ń fà títí á fi máa dunni, ọpọlọ á máa tú endorphin jáde, ìyẹn oògùn ìrora tára ń pò fúnra ẹ̀. Ní 2017, àwọn kan ní Turku ní Finland ya àwòrán ọpọlọ ọkùnrin 12 lẹ́yìn táwọn àtọ̀rẹ́ wọn jọ wo kómẹ́dì tán, wọ́n sì rí i pé bẹ́ẹ̀ gan-an ló rí. Àtọ̀rẹ́ wọn o! Robert Provine tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣọ́ bí èèyàn ṣe ń rẹ́rìn-ín sọ pé èèyàn máa ń rẹ́rìn-ín tó ìlọ́po 30 láàárín àwọn ẹlòmíì ju ìgbà tó bá dá wà lọ.

Èyí tó bá òwe wa mu jù ni ìwádìí tí Keltner àti Bonanno, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú èèyàn, gbé jáde ní 1997. Wọ́n bá àwọn tí ọkọ tàbí ìyàwó wọn ti kú ní nǹkan bí oṣù 6 sẹ́yìn sọ̀rọ̀, àwọn tó rẹ́rìn-ín àtọkànwá bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ olóògbé, ìbínú tiwọn kéré, àárín àwọn àtàwọn èèyàn wọn sì dáa jù. Àbí torí pé ara wọn ti ń balẹ̀ ni wọ́n ṣe lè rẹ́rìn-ín? Ó lè jẹ́ méjèèjì, lójú tèmi.

Àmọ́ kẹ́nikẹ́ni má torí ẹ̀ sọ oògùn nù jàre. Wọ́n máa ń fìtàn Norman Cousins, akọ̀ròyìn ará Amẹ́ríkà, ṣẹ̀rí, ẹni tí àìsàn eegun ẹ̀yìn dá dùbúlẹ̀ ní 1964, tó ní tóun bá fi ìṣẹ́jú 10 rẹ́rìn-ín dáadáa, òun á rí oorun wákàtí 2 sùn láìsí ìrora. Oorun yẹn, mo gbà. Pé ẹ̀rín ló wò ó sàn, mi ò gbà, fítámì C rẹpẹtẹ lòun náà ń gbà nígbà yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ò sì tó ẹ̀rí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún nínú ikùn àti ẹni tó ní asthma gan-an gbọ́dọ̀ rọra rẹ́rìn-ín.

Ti ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀ wá ńkọ́? Ẹ má pa á fún un. Ẹni tọ́rọ̀ kàn ló lòwe yìí, òun ló mọ̀gbà tẹ́kún tó. Tó bá jẹ́ òun fúnra ẹ̀ ló sọ ọ́, tó wá bú sẹ́rìn-ín, ẹ bá a rín in, tó bá sì tún padà sẹ́kún, ẹ jókòó tì í.