Èsì: Lucky Dube ò fi rẹ́gè bẹ̀rẹ̀ o

Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ bi wá pé ṣé rẹ́gè ni Lucky Dube, olórin South Africa yẹn, fi bẹ̀rẹ̀ àti pé kí ló pa á. Rárá o, mbaqanga ló kọ́kọ́ ń kọ, orin àwọn Zulu ní South Africa, ó sì ti ń tà dáadáa kó tó di pé ó ní rẹ́gè lòun fẹ́. Ní 1984 ló gbé àwo rẹ́gè kan, Rastas Never Die, jáde, ìjọba apartheid, ìyẹn ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà tàwọn aláwọ̀ funfun, bá fòfin de àwo náà, kò sì tà rárá tá a bá fi wé ti tẹ́lẹ̀, ẹlòmíì ì bá ti sá padà sídìí mbaqanga wẹ́rẹ́, àmọ́ ó tún ṣe òmíì lọ́dún kejì ni, ìyẹn wá tà. Ìgbà tí Slave (1987) àti Prisoner (1989) fi máa jáde, kò sí ibi tí wọn ò ti mọ̀ ọ́n mọ́. Ẹ tẹ́tí sí ohùn ẹ̀ ná, á wà nísàlẹ̀ kẹ̀ẹ̀, ẹ ò ní mọ̀gbà tó máa fò sókè tín-ín bíi tobìnrin. Ohùn yẹn ni mo fẹ́ràn jù, kì í ṣe gìtá.

Ní ti ikú ẹ̀, àwọn olè tó fẹ́ gba mọ́tò ẹ̀ ló yìnbọn pa á ní Johannesburg, October 18, 2007, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já àwọn ọmọ ẹ̀ sílẹ̀ ni o. Ẹni ọdún 43 péré! Èyí tó dùn mí jù, wọ́n ní ọmọ Nàìjíríà làwọn olè náà rò pé ó jẹ́. Àwọn mẹ́ta gba ẹ̀wọ̀n gbére ní 2009.