Ẹ má tíì háyà gbọ̀ngàn

Àbúrò wa kan béèrè ọ̀rọ̀. Òun àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ fẹ́ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí yóò máa mú àwọn àgbẹ̀, àwọn Fúlàní darandaran àti àwọn àlejò tó ń dáko ní apá Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ jókòó pọ̀, kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn yé. Wọ́n ti rí gbọ̀ngàn, wọ́n ti kọ̀wé sí àwọn olóyè, ògbufọ̀ ni wọ́n ń wá. Ó ní kí ẹni tó bá ti ṣe irú iṣẹ́ yìí rí gba àwọn nímọ̀ràn.

Mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí tipẹ́, kí Gómìnà Akérédolú tó fọwọ́ sí òfin tó ka fífi ẹran jẹko ní gbangba léèwọ̀ ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lọ́dún 2021, mo sì wà níbẹ̀ dòní. Àbúrò, ẹ ṣeun. Iṣẹ́ ńlá lẹ fẹ́ dáwọ́ lé, ó sì dùn mọ́ mi nínú pé ọ̀dọ́ ló ń béèrè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ má tíì háyà gbọ̀ngàn. Ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ tí àwọn èèyàn wọ̀nyí yóò jọ ṣe.

Mo ti rí ìpàdé inú gbọ̀ngàn tó pọ̀. Wọ́n á to àwọn ẹni iyì síwájú, oníkálukú á dìde sọ pé ọmọ ìyá ni gbogbo wa, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á pín ìrẹsì àti owó ọkọ̀, ó parí. Ọmọ tó ń da màlúù kò sí níbẹ̀. Ẹni tí wọ́n jẹ oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Lọ́jọ́ tí owó ọkọ̀ bá sì tán, ìpàdé náà á tán.

Ẹ tún wo àwọn tí ẹ fẹ́ pè dáadáa. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí àwọn bá ti rí Sáríkí, olórí àwọn Hausa, ní Sábó, àwọn ti rí gbogbo Fúlàní inú igbó. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ kí Sáríkí, ẹ fi ọ̀rọ̀ tó wọn létí, àgbà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n gáà, ìyẹn ibùdó àwọn darandaran nínú igbó, ní olórí tirẹ̀, Ardo ni wọ́n ń pè é, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sì ni ọmọ tó ń da ẹran ń gbọ́. Bákan náà, ẹ má ka àwọn Ẹ̀bìrà, Tiv àti Ìgẹ̀dẹ̀ mọ́ darandaran nítorí pé apá Àríwá ni gbogbo wọn ti wá. Àgbẹ̀ ni wọ́n, màlúù ń jẹ oko tiwọn náà. Mo ti rí i tí wọ́n mú àgbẹ̀ Ẹ̀bìrà jókòó sápá àwọn tí wọ́n fẹ̀sùn kàn, tí ọkùnrin náà kò mọ ohun tí òun ń ṣe níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ̀kan tó ṣojú mi. Baba kan bá oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ ní bíbàjẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò sì ti ń mú àdá. A bẹ̀ wọ́n kí wọ́n dúró. A lọ mú àgbà gáà tó wà nítòsí, òun àti Baba la jọ wọ oko náà. Ní apá ibi tí oko ti kan igbó, igi ẹ̀gẹ́ ti gé ní dídagun, bí ẹni fi ọ̀bẹ gé e. Àgbà náà bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀kan, kò sọ̀rọ̀, ó nà án sí Baba. Baba yí i síwá sẹ́yìn, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: "Ọ̀yà nìyí." A rìn dé ìsàlẹ̀, lápá odò. Níbẹ̀, ewé ti tán lára igi, ebè ti fọ́, ẹsẹ̀ màlúù ti tẹ ilẹ̀ rín. Àgbà gáà tọ́ka sílẹ̀, ó ní tàwọn nìyẹn. Ọmọ Baba àti ọmọ tirẹ̀ jọ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ebè láti ìbẹ̀rẹ̀ poro dé òpin, bí ọ̀kan bá ṣì í kà, èkejì á dá a padà. Wọ́n san díẹ̀ lọ́jọ́ náà, wọ́n san ìyókù lẹ́yìn tí wọ́n ta àgbò. Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ àlàáfíà nínú oko yẹn rárá, ebè ni gbogbo wa ń kà. Àwọn méjèèjì ṣì ń kíra wọn títí di òní.

Irú iṣẹ́ tí mò ń sọ nìyẹn. Ẹ wá ẹni méjì méjì láti ìhà kọ̀ọ̀kan tí yóò máa lọ wo oko pọ̀ nígbàkígbà tí ẹran bá jẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n máa lọ ní ọjọ́ kan náà, kí òjò tàbí ahọ́n èèyàn má tíì ba ojú ẹsẹ̀ ẹran jẹ́.

Nípa ìwà, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ sọ fún tọ̀tún tòsì kí wọ́n tó fojú kojú. Fúlàní ní ìkóra-ẹni-níjàánu kan tí wọ́n ń pè ní pulaaku. Ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ níwájú àgbà, á tẹrí ba, kò ní sunkún, kò ní ṣàlàyé. Yorùbá á ní: "Ẹ wò ó, kò tilẹ̀ bẹ̀bẹ̀! Ọkàn rẹ̀ le." Bẹ́ẹ̀, ìtìjú ló mú un. Ẹ sì sọ fún ti gáà pé lọ́dọ̀ tiwa, ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú owó. Bí wọ́n bá kó owó wá láì mú àgbà dání wá bẹ̀bẹ̀, ńṣe ni ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á ní wọ́n fi owó rí òun fín, á sì kọ̀ ọ́. Mo ti rí ìjà tó tún bẹ́ sílẹ̀ lórí owó tó pé pérépéré.

Ní ti ògbufọ̀ tí ẹ ń wá, ẹ wá méjì, ọ̀kan láti ìhà kọ̀ọ̀kan, kí èyí lè gbọ́ ohun tí tọ̀hún ń túmọ̀. Kí ọ̀kan gbọ́ Fulfulde, èdè àwọn Fúlàní. Hausa nìkan kò tó pẹ̀lú àwọn àgbà gáà míì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi àwọn obìnrin sílẹ̀. Àwọn ìyá tó ń kiri wàrà mọ ilé wa ju bí ọkọ wọn ti mọ̀ ọ́n lọ. Wọ́n mọ orúkọ ọmọ wa, wọ́n máa ń tajà àwìn fún wa. Àwọn ló ń kọ́kọ́ mọ̀ bí agbo ẹran àjèjì bá dé láti ọ̀nà jíjìn nígbà ẹ̀rùn. Nínú ọ̀pọ̀ ìjà tí mo bá wọn dá sí, ẹran àwọn tó ń kọjá lọ ló jẹ oko, gáà tó wà nílẹ̀ ló sì ru ẹ̀bi. Bí ẹ bá ní ìyá oníwàrà kan àti ìyàwó àgbẹ̀ kan tó ní nọ́ńbà ara wọn, ẹ ti ní ohun tí gbọ̀ngàn ò lè fún yín.

Lẹ́yìn tí wọ́n pa àwọn ará wa nínú ṣọ́ọ̀ṣì Francis Mímọ́ ní Ọ̀wọ̀ ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà ọdún 2022, kò sí ẹni tó lè pe ìpàdé kankan. Ìjọba ní ẹgbẹ́ agbésùnmọ̀mí ISWAP ni àwọn fura sí, síbẹ̀ gáà ni ọ̀pọ̀ èèyàn kọjú sí. Àwọn kan sọ fún mi pé ọ̀dàlẹ̀ ni mí. N kò bínú sí wọn, ọgbẹ́ ń dùn wọ́n. Àwọn tó ti jọ ka ebè rí nìkan ló ṣì ń pe ara wọn lórí fóònù láwọn ọjọ́ yẹn. Ẹ rántí pé ìgbìmọ̀ yín kì í ṣe ilé ẹjọ́. Ìpànìyàn àti ìjínigbé, ọlọ́pàá àti Àmọ̀tẹ́kùn ló ni í, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni bẹ̀ yín pé kí ẹ bá òun parí irú rẹ̀ nílé.

Bí ẹnì kan bá ní kò ṣeé ṣe, ẹ sọ ti Pásítọ̀ James Wuye àti Imaamu Muhammad Ashafa ní Kàdúná fún un. Olórí ọmọ ogun ẹ̀sìn ni àwọn méjèèjì tẹ́lẹ̀ rí, ọ̀kan níhà Kristẹni, èkejì níhà Mùsùlùmí. Ọwọ́ ọ̀tún Wuye gé nínú ìjà ọdún 1992, Ashafa pàdánù àwọn ẹbí rẹ̀. Ẹ̀san ṣì wà lọ́kàn wọn nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pàdé, síbẹ̀ wọ́n jọ dá Interfaith Mediation Centre, àjọ tó ń parí ìjà láàárín ẹlẹ́sìn, sílẹ̀ lọ́dún 1995. Iṣẹ́ ni wọ́n jọ ń ṣe kí ọkàn wọn tó rọ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé, nígbà tí koríko ṣì wà tí ẹnikẹ́ni ò tíì bínú. Owó tí ẹ fẹ́ fi san gbọ̀ngàn, ẹ fi ra káàdì ìpè fún àwọn tí yóò máa lọ wo oko, kí ẹ sì ya díẹ̀ sọ́tọ̀ fún epo ọ̀kadà wọn.