Àgùnfọn kì í gbé ìsàlẹ̀ Ngorongoro

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ ní ẹ wá inú kòtò Ngorongoro ní Tanzania títí, ẹ ò rí àgùnfọn kan. Ojú yín ò tàn yín jẹ rárá. Òkè oníná ńlá ló wó sínú ara rẹ̀ níbẹ̀ ní ohun tó lé ní mílíọ̀nù 2 ọdún sẹ́yìn. Ògiri tó kù ga tó 600 mítà, ó sì dúró ṣánṣán jù fún ẹlẹ́sẹ̀ gígùn. Koríko ló pọ̀ nísàlẹ̀, igi tí àgùnfọn ń jẹ ewé rẹ̀ ò tó nǹkan. Ẹ wò wọ́n lókè, lẹ́yìn ògiri náà. Nísàlẹ̀, àgbáǹréré dúdú ni kí ẹ fi gbogbo ojú wá, torí wọ́n ti ṣọ̀wọ́n láyé.